Ọjọ́ Tí Adamou Fẹ́ Gbọ́rọ̀ Lẹ́nu Ìyàwó Rẹ̀

Kí Rissikatou tó dáná ní òwúrọ̀ Jímọ̀ yẹn, ìyá ọkọ rẹ̀ ti wẹ̀, ó ti lé tìróò, ó ti ró aṣọ tí kì í ró àfi ọjọ́ Iléyá, ó sì ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ wá gbé. Bẹ́ẹ̀ ìpè tẹlifóònù tí wọ́n ń retí, ó di ìgbà tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán.

"Ìyá, oòrùn ò tíì yọ dáadáa," ni Rissikatou wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo rí i," ni Ìyá Sétou dá a lóhùn. "Mi ò ní kí oòrùn yára."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ ní àdúgbò Zongo ní Savalou. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sànní, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gábọ̀n dé, wá jíṣẹ́ Adamou, ọkọ Rissikatou. Àárín ọgbà ló dúró sí, omi tí wọ́n bù fún un ò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀gá Adamou, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ti gbé ìwé ọdún mẹ́ta mìíràn síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Ó ní Adamou ò tíì fọwọ́ sí i. Ó máa pe kabíìnì tẹlifóònù Moumouni ní Jímọ̀, ohun tí ìyàwó rẹ̀ bá sì sọ ni ó máa ṣe: tó bá ní kó dúró, á dúró, tó bá ní kó máa bọ̀, á di ẹrù rẹ̀.

"Ó ní kì í ṣe lẹ́nu Ìyá, kì í ṣe lẹ́nu ẹ̀gbọ́n òun," ni Sànní wí. "Ó ní ẹnu ìyàwó òun ni òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́."

Sànní ìbá pe Rissikatou sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n rán níṣẹ́ sí ìyàwó ẹlòmíràn, gbangba ló ń jẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa bú u. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń din gàrí ní òdìkejì títì ti gbọ́, àwọn Mahi tí ilé wọn wà lẹ́yìn ilé Ìyá Sétou ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kí Rissikatou tí kò fi ìdáhùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ní kó dúró, ń sọ nípa ilé tí Adamou ń kọ́. Ẹni tó ní kó bọ̀, ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ẹ̀rín yẹn sì burú ju èébú lọ.

Ohun tí Rissikatou fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ kò gùn. Ó fẹ́ kó máa bọ̀. Ọdún mẹ́rin ti tó o. Kò fẹ́ máa wo ẹ̀wù tó fi ránṣẹ́ mọ́, kò fẹ́ fọ́tò tó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun mọ́. Ó fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde lọ ṣe àlùwàlá nígbà Àsùbáà. Ó fẹ́ kí ẹnì kan bínú pé iyọ̀ òun pọ̀ lọ́bẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kò sẹ́ni tó bínú sí iyọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibo ni obìnrin á ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Savalou? Kabíìnì Moumouni ni tẹlifóònù kan ṣoṣo tí gbogbo Zongo ń lò. Ilé pákó ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já láti ọyẹ́ èṣín, fèrèsé rẹ̀ ò ní nǹkan kan tí wọ́n fi dí i. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú rẹ̀ ni bẹ́ǹṣì gígùn kan wà, àwọn èèyàn ń jókòó sórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ìdajì wọn ò sì ní ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Okùn tẹlifóònù náà kò dára, nítorí náà ẹni tó bá ń bá Gábọ̀n sọ̀rọ̀ á máa pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí Gábọ̀n gbọ́ ọ láìsí okùn rárá. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye tọkọtaya tí bẹ́ǹṣì yẹn ti ṣe ẹnì kẹta láàárín wọn.

Nínú oṣù ààwẹ̀ tó kọjá ni Hafsath, ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ wá láti Atokoligbé, sunkún sí ọkọ rẹ̀ létí ní Abidjan pé bẹ́ẹ̀dì ti fẹ̀ jù fún òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di orin lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà zémìjàn tó wà ní oríta. Tí Hafsath bá ń kọjá, ọ̀kan á bi èkejì bóyá bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ fẹ̀. Kò sí ẹni tó nà án, kò sí ẹni tó gba nǹkan rẹ̀. Wọ́n kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Báyìí, ọ̀nà ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń bó gbáàgúdá ló ń gbà lọ sọ́jà, á sì bo orí mọ́ ojú.

Wọn ò tíì ṣe tán nídìí oúnjẹ àárọ̀ tí alùpùpù Imorou fi kù wọlé láti Bantè. Imorou ni ẹ̀gbọ́n Adamou, télọ̀ ni. Eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú, kò sì tíì bọ́ fìlà tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní òun ya ibi ilé tí Adamou ń kọ́ sí Bantè kí òun tó gbéra. Ògiri ti dé ibi tí òrùlé yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ ti bímọ sínú pálọ̀. Òjò méjì sí i, bíríkì náà á di ẹrẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ọmọ Gouka tó ti Gábọ̀n dé lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń fi ojoojúmọ́ ta káàdì lábẹ́ igi. Rissikatou gbé àkàsà àti ẹ̀wà síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

"Gbígbọ́ kọ́," ni Imorou wí. "Ohun tí o máa sọ ni mo ń bi ọ́, ìyàwó."

Rissikatou wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Sétou ń fi ọwọ́ já àkàsà tirẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú omi, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

"Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná, Bàbá Affis," ni Rissikatou dá Imorou lóhùn.

Imorou ní obìnrin tó ní làákàyè kò lè ní kí ọkọ òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òun nìkan. Ọ̀rọ̀ "òun nìkan" yẹn ló gún Rissikatou. Ganiath ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lẹ́bàá odi, ọmọ ọdún méje, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Ọkùnrin yòówù tó bá gbé báàgì wọ àdúgbò, ó máa ń sáré lọ pàdé rẹ̀, á dúró lójijì, á sì padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Rissikatou kò sọ èyí. Ó kó abọ́ wọlé.

Kó tó jáde padà, Sọ̀fíyàt ti dé. Sọ̀fíyàt ló ń yan ẹ̀pà ní ilé kejì, ògiri kan ló là wọ́n. Ó ní òun gbọ́ ariwo alùpùpù ni, àti pé òun á bá wọn dé kabíìnì. Kì í ṣe pé òun fẹ́ gbọ́ nǹkan o. Òun kàn fẹ́ bá wọn jókòó ni. Lẹ́yìn náà ló wá ń ròyìn pé àbúrò òun tó wà ní Kùtọ̀nú ní àwọn olówó ibẹ̀ ti ń gbé tẹlifóònù tí kò ní okùn káàkiri. Inú ọkọ̀ tasín ni wọ́n ti ń fi í jà pẹ̀lú ìyàwó wọn, gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á sì mọ ẹni tó jẹ̀bi. Inú Sọ̀fíyàt dùn sí ìròyìn yìí débi pé ó pàtẹ́wọ́. Rissikatou náà gbé e yẹ̀wò lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí i lọ́kàn kì í ṣe tasín. Ó rí ara rẹ̀ láàárín oko, ebè iṣu yí i ká, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àyàfi alángbá, tẹlifóònù tí kò ní okùn wà létí rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó wù ú títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó bu àgbàdo kún bàsíà, ó gbé e rù, ó ní òun ń lọ sí ibi ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbẹ́ kabíìnì gan-an ni ẹ̀rọ ìlọgbàdo Tairou wà, pákó kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín, ìjà ò sì tán láàárín Tairou àti Moumouni. Àwọn àgbà àdúgbò ti parí rẹ̀ fún wọn pé bí tẹlifóònù bá ti dún, tí Moumouni bá ti gbá pákó, kí Tairou pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń pa á, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìbínú ni, àwọn obìnrin tó tò pẹ̀lú bàsíà á sì máa pòṣé títí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á fi tán.

Tairou ń gbá ìyẹ̀fun àná nílẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Rissikatou sọ bàsíà kalẹ̀, ó kí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún.

"Bàbá, ẹ má tíì lọ̀ ọ́," ni ó wí. "A ń bọ̀ wá gba ìpè lẹ́yìn Jímọ̀. Tí ẹ bá rí i tí mo gba tẹlifóònù lọ́wọ́ Bàbá Affis, ìgbà yẹn ni kí ẹ tan ẹ̀rọ."

Tairou dá ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé kabíìnì yẹn ka òun mọ́ ibí, kò sí ẹni tó wá bẹ òun rí àfi kí òun pa ẹ̀rọ. Ṣé ohun tó ń sọ yé e?

"Ó yé mi, Bàbá."

Ó ti rò ó dáadáa, ọjọ́ méjì ló fi rò ó. Lójú tirẹ̀, ẹnu tó bá kan tẹlifóònù nìkan ni tẹlifóònù ń gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ẹnu kan etí ẹlòmíràn láàárín ọjà. Ariwo ẹ̀rọ á dí etí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á sì gba inú okùn lọ sí Gábọ̀n ní jẹ́jẹ́. Ta ni ìbá sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀? Gbogbo ìgbà tó ti wá síbẹ̀, wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò tíì lo tẹlifóònù rí nígbà tí ẹ̀rọ ń dún.

Tairou wo ojú rẹ̀ títí. Òun náà ti gbọ́ iṣẹ́ tí Sànní jẹ́.

"Moumouni á bú mi," ni ó wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. "Kó bú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí mo máa ṣe fún un."

Nígbà tí wọ́n ti mọ́sálásí dé, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn kan jókòó sórí gbòǹgbò máńgòrò, àwọn kan dúró ti alùpùpù wọn. Ìyá Sétou ló ṣáájú, Imorou tẹ̀ lé e, Sọ̀fíyàt tẹ̀ lé Imorou, Rissikatou àti Ganiath ló kẹ́yìn. Wọ́n sún fún Ìyá, ó jókòó. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kò ṣófo. Wahab, ọmọ Ṣakí tó ń ta epo mọ́tò nínú ìgò ní ojú ọ̀nà Bantè, ló dì í mú, ó sì ń bá ẹnì kan jà ní Nàìjíríà lórí garawa epo tó jò lọ́nà. Gbogbo bẹ́ǹṣì ló ti mọ ibi tí garawa náà ti jò. Àwọn mìíràn ti ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Imorou wọlé lọ bá a, ó ní kó jọ̀ọ́, àwọn ń retí Gábọ̀n. Wahab fi ọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù, ó ní òun náà ń retí epo òun. Ó padà sídìí ìjà rẹ̀. Oòrùn ń yí. Rissikatou ń ro bí Adamou ṣe dúró nínú kabíìnì tirẹ̀ ní ìlú tí òun kò mọ̀, tó ń tẹ nọ́ńbà, tí ohùn kan sì ń sọ fún un lédè Faransé pé ọ̀nà ò là. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó máà rẹ̀ ẹ́. Ìyá Sétou ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó wọlé, ó dúró síwájú Wahab, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde níbẹ̀. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Wahab. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní òun á padà pè, ó gbé e kalẹ̀.

Tẹlifóònù náà dún kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lára rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé gẹ́gẹ́ bí ẹni ṣe dàgbà sí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Ìyá ló kọ́kọ́ gbà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ìgbà tí èèyàn bá gba ọmọ jòjòló. Kò béèrè ara rẹ̀, kò béèrè iṣẹ́. Oríkì ló fi kí i:

"Àkànní, ọmọ ẹlẹ́bè Koko,
Ọmọ a-ta-iṣu-má-ta-èbù,
Ọmọ ọkùnrin tí ń jí kí àkùkọ tó ta pútú,
Tó fi ìrì òwúrọ̀ bọ́jú lóko.
Àkànní, ẹsẹ̀ ti gbé ọ jìnnà,
Orúkọ rẹ ń bẹ lẹ́nu mi, kò lọ ibì kankan..."

Ó ń kì í, ó ń kì í. Àwọn obìnrin Mahi tí kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ pàápàá ń mi orí. Rissikatou tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ń gbọ́ ohùn kékeré kan láti inú tẹlifóònù, bí ìrẹ̀ tó há sínú agolo, tó ń sọ pé Ìyá, ẹ ṣé, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, káàdì mi ń lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti gbọ́ ohùn náà kẹ́yìn. Ìyá ò gbọ́ ọ̀rọ̀ káàdì, tàbí kó jẹ́ pé ó gbọ́ ọ. Ìdí ìran rẹ̀ ni ó bá a dé kó tó gbé tẹlifóònù fún Imorou.

Imorou sọ̀rọ̀ òrùlé. Ó sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè kí bẹ́ǹṣì lè gbọ́ dáadáa, ó ní ìyàwó rẹ ti gbà, ó ní kí o fọwọ́ sí i, ó kàn fẹ́ kí ọ lásán ni. Ohùn kékeré náà sọ nǹkan kan. Imorou fa ojú ro. Ó na tẹlifóònù sí Rissikatou, kò sì fi í sílẹ̀ kíákíá.

Ó gbóná, ó sì lómi láti etí Imorou. Rissikatou gbé e mọ́ etí tirẹ̀.

"Rissikatou," ni ohùn náà wí. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti bú.

Pákó mì, ilẹ̀ mì, máńgòrò kan já bọ́ níta. Moumouni fò jáde, ọwọ́ ń lọ, ẹnu ń lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n na ọrùn. Nínú etí Rissikatou, ohùn Adamou ti lọ. Ariwo bí òjò lórí páànù ló kù níbẹ̀. Ó fẹ́ pariwo pé kí Tairou pa á, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí ògiri, ó fi ẹnu kan tẹlifóònù tímọ́tímọ́.

"Bàbá Ganiath, máa bọ̀," ni ó wí. "Má fọwọ́ sí ìwé kankan. Máa bọ̀."

Kò gbọ́ ìdáhùn. Ó tún un sọ. Nígbà tó sì ti rí i pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ òun lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là ju bó ti rò lọ. Ó sọ fún un pé eyín Ganiath ti yọ. Ó sọ fún un pé títí di òní, ẹ̀gbẹ́ ògiri lòun ń sùn sí, òun ń fi ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, òun ò na ẹsẹ̀ débẹ̀ rí. Ó sọ fún un pé òun ò fẹ́ òrùlé. Gbogbo ọdún mẹ́rin náà ń jáde, ariwo ẹ̀rọ sì ń gbé e mì bó ṣe ń jáde. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé òjò orí páànù ti tán létí òun, ohùn kan tó gùn bí okùn ló kù, kò sì sí èèyàn nínú rẹ̀.

Tairou kò pa ẹ̀rọ títí àgbàdo fi tán. Ó ní òun kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín méjì.

Ìbànújẹ́ bẹ́ǹṣì pọ̀. Sọ̀fíyàt bi Moumouni, Moumouni ò gbọ́. Ó bi Wahab tó dúró sẹ́nu fèrèsé, Wahab ní òun rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ, ṣùgbọ́n ẹnu nìkan lòun rí. Sọ̀fíyàt wá tẹ̀ lé Rissikatou délé, ó ń kí i kú ìnira ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó ń dúró kó fèsì. Rissikatou ní òun kàn kí ọkọ òun ni.

Ní ti Imorou, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Òun ló ti sọ ìdáhùn náà fún Adamou, kí ẹ̀rọ tó dá sí i. Nígbà tí Rissikatou gúnyán lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ́ tọwọ́tọwọ́, ó yìn ín pé kò ní kókó, ó ń sọ orúkọ ẹni tó máa kan páànù. Ìyá Sétou kò jẹun. Ó ní ọ̀fun òun gbẹ láti ìgbà tí òun ti ki Adamou. Ó lọ jókòó sí òjìji odi, ó ń ka tẹ̀súbáà, Ganiath sùn lé e lẹ́sẹ̀.

Rissikatou ń fọ abọ́, ó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bóyá Adamou gbọ́. Okùn náà jìnnà, ṣùgbọ́n ẹnu òun kan án gan-an. Bóyá ó ti ń di ẹrù. Ọkàn rẹ̀ á fò fẹ̀rẹ̀, á tún padà wálẹ̀. Ọlọ́run jẹ́ kó gbọ́. Bí kò bá sì gbọ́, ọ̀rọ̀ Imorou ló gbọ́ kẹ́yìn, ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ganiath á ti pé ọdún mẹ́wàá.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì ni wọ́n gbọ́ alùpùpù kan níta. Moumouni ni. Kò sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ kan ṣì wà lókè. Ó kí Ìyá, ó kí Imorou. Ó ní Adamou tún pè. Ó ní Adamou kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ló gbọ́ látòkè délẹ̀. Ó tiẹ̀ rò pé òjò ńlá ló ń rọ̀ ní Savalou, ó ń béèrè bóyá ògiri ti wó.

"Ṣebí mo ti sọ fún un," ni Imorou wí.

Moumouni ní Adamou mẹ́nu ba ìyẹn. Ó ní kì í ṣe ẹnu yẹn lòun ń dúró dè. Káàdì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò gba ju ọ̀rọ̀ kan lọ, torí náà kí òun Moumouni má kó wọn wá sí kabíìnì mọ́; ó ní tí Ìyá bá tún débẹ̀, Ìyá á tún kì í. Kí òun wá bi obìnrin náà, kí òun gbé e lọ bó bá ṣe sọ ọ́. Adamou ti fi Ọlọ́run bẹ òun, òun sì ti búra fún un. Ó ń pè padà kété tí wọ́n bá kírun tán.

Imorou dìde. Ó ní kí Moumouni lọ sọ fún un pé kó fọwọ́ sí i.

"Bàbá Affis, wọn ò rán mi sí yín," ni Moumouni wí. Ó yíjú sí Rissikatou. "Ìyá Ganiath, kí ni kí n sọ?"

Ìró ẹ̀pà tó ń yí nínú ìkòkò Sọ̀fíyàt dá dúró lódìkejì ògiri. Lórí ògiri àwọn Mahi, orí méjì yọ. Àwọn ọkùnrin tó ń lọ sí mọ́sálásí dín ìrìn wọn kù lójú ọ̀nà. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń kù ní gbogbo Savalou. Rissikatou nàró, omi abọ́ ń kán láti ìgúnpá rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí oríta, ó rí àwọn ọlọ́kadà lórí alùpùpù wọn bí wọ́n á ṣe kọ ọ́ lórin láàárọ̀ ọ̀la. Ó rí ọ̀nà ẹ̀yìn tí Hafsath ń gbà. Ó tún rí ọkùnrin kan tó dúró nínú kabíìnì, tí ìlú ń kọjá níwájú rẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ń fẹ́ òun nílé.

"Ẹ sọ fún un pé kó máa bọ̀," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. "Ẹ ní èmi Rissikatou ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó máa bọ̀."

Imorou padà jókòó. Sọ̀fíyàt ò rẹ́rìn-ín. Moumouni ò kúrò níbi tó wà. Ó ń wo Ìyá Sétou, Imorou náà ń wò ó, àwọn tó wà lórí ògiri ń wò ó, nítorí òun ló ni ilé, òun ló sì bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Sétou ka tẹ̀súbáà rẹ̀ dé ìdí. Ó rọra gbé orí Ganiath kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́ gèlè rẹ̀ sí i lábẹ́ orí. Ó wá gbójú sókè.

"O ti gbọ́," ni ó wí fún Moumouni. "Kí lo tún ń dúró ṣe?"